Ọjọ́ Tí Ìbọn Bàbá Àgbà Sunkún

Ìwọ tó ò ń ka ìwé yìí, ṣé o ti fẹnu ko ìbọn lẹ́nu rí?

Má rẹ́rìn-ín o, mò ń bi ẹ́ ni. Irin ẹ̀ nìkan ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ti yọ kúrò lára igi, tí omi gbígbóná ti gba inú ẹ̀ kọjá, tí kò lè pa eṣinṣin mọ́. Tó ò bá tíì ṣe é rí, wo ètè tèmi lónìí kí o kọ́gbọ́n. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìpẹtà wà láàárín eyín mi, itọ́ mi ń ta bí ẹni tó ń lá ìṣó. Ọmọdébìnrin kan tó ru omi kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ wò mí tàánútàánú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ wojú yín nínú dígí." Èmi tí mo ra ìpara ètè ní Òkè-Ìlewó lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ará abúlé lè mọ̀ pé ọmọ ìlú ńlá ti dé.

Ẹ̀yìn ilé Ìyá àgbà ni mo wà, ní abúlé wa lẹ́yìn Pápálántò, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Irin ìbọn Bàbá àgbà ló fẹ̀yìn ti igi níwájú mi, ẹnu ẹ̀ kọjú sílẹ̀, ó ń gbẹ nínú oòrùn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ báyìí ni kí n máa ṣọ́ ọ, kí ewúrẹ́ má baà taari ẹ̀. Gbogbo ìwé tí mo kà láti ọdún wọ̀nyí, ibi tó gbé mi dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀ ò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi híhó, eérú, àti àdín dúdú tí Ìyá àgbà yọ́ sínú agolo: tí àwọn mẹ́ta yìí bá ti pàdé nímú mi, mi ò kì í ṣe ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ṣòkòtò mi ya nídìí, ẹnìkan sì ń pè mí ní Akọ̀wé. Ni mo bá mú bírò.

Bàbá àgbà kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Lónìí ni àwọn ọdẹ ń ṣe ìpà ẹ̀, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń yọ ọdẹ tó kú kúrò láàárín ẹgbẹ́ kí ó lè lọ sinmi. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, gbogbo ọdẹ á yin ìbọn tiwọn ní oríta lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbọn olóògbé fúnra ẹ̀ ló sì máa dún kẹ́yìn. Dídún yẹn ló fi ń sọ pé ó dìgbà. Tí kò bá dún, wọn ò ní yọ orúkọ ẹ̀. Wọ́n á ní ó ṣì wà nínú igbó, kò tíì rí ọ̀nà ilé. Ìyá àgbà ò ní bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, gbogbo wọn á sì túká di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá àgbà ti sọ fún mi láàárọ̀ pé òun ò mọ̀ bóyá òun ní ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

Ta ló wá yẹ kí ó ti máa tọ́jú ìbọn yìí láti ọdún mẹ́ta? Èmi ni. Ọ̀gá olùtọ́jú.

Jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un wá.

Ìgbà tí ìyá mi bí ìbejì ni. Ilé wa ní Ìjẹmọ̀, ní Abẹ́òkúta, ò tóbi, ilé oníṣòwò ni, aṣọ títà ló kún gbogbo ibi tó yẹ kí èèyàn sùn sí. Wọ́n wo yíká, wọ́n wá ẹrù tí wọ́n lè kọ́kọ́ gbé jáde kí ilé lè fúyẹ́, ojú wọn bọ́ sórí mi. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ bàbá tó bí bàbá mi nìyẹn, pé kí n lo ọdún kan. Ní Ìjẹmọ̀, ìrun ni wọ́n fi ń jí wa. Ní abúlé, Bàbá àgbà á jí, á bu omi sílẹ̀ níwájú òkúta Ògún tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á kí i bí ẹni ń kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, lẹ́yìn náà á kọjú sí mi: "Akọ̀wé, ṣé o ti kírun ẹ?" Tí mo bá ní rárá, á ní kí n lọ kí i kí n tó jẹun. Kò sí ìjà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ tiẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ kí ìjà wà níbẹ̀, kí n lè rí nǹkan fi ṣe àwáwí.

Ó sọ mí ní Akọ̀wé nítorí ìwé kékeré kan tí mo máa ń gbé kiri, tí mò ń kọ orúkọ ẹranko sí. Mo kọ ọ̀yà mọ́ àwọn ẹyẹ. Ìwé náà ṣì wà, mi ò ní fi hàn ẹ́.

Bàbá àgbà ga, ó gbẹ bí igi ìdáná tí wọ́n sá sórí àjà, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò sì pọ̀. Igbó ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kì í jẹ ẹran. Èmi wá ń sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ. Tí ó bá mú mi dání láàárọ̀ láti lọ yẹ tàkúté wò, kò sí ẹranko kan láti ibí dé Ewékorò tí kò ní gbọ́ orúkọ mi, orúkọ ìyá mi, àti ipò tí mo gbà ní kíláàsì. Ipò kẹtàlélógún ni o. Mo máa ń sọ ọ́ sókè dáadáa.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, ọdẹ bíi tiẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti jọ ń wọ igbó. Ìró ìbọn ti dí etí ọ̀tún Bàbá Ọdẹ́tọ́lá pátápátá, nítorí náà apá òsì ẹ̀ ni Bàbá àgbà máa ń jókòó sí, lórí àga gbọọrọ kan, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ yìí gan-an. Wọ́n lè jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yí, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ má ju mẹ́fà lọ. Èmi ni mo máa ń bá wọn sọ ìyókù. Tí ẹnu mi bá ti wá sú Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, á yí etí tó dí sí mi, á fi ìka tọ́ka sí i.

"Ọmọ Alhájà," á ní, "ibí ni kí o máa sọ ọ́ sí. Ibí ló ní àyè."

Bàbá àgbà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn, èjìká nìkan ló fi ń rín in.

Tí wọ́n bá yin ìbọn lónìí, ọ̀la ni wọ́n máa fọ̀ ọ́, kì í di ọ̀tunla. Bàbá àgbà ní ẹ̀tù máa ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ àga, èèyàn ò ní mọ̀ títí á fi jókòó. Á yọ irin gbọọrọ náà kúrò lára igi ẹ̀. Ó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fi ọ̀bẹ kọ ní àmì, á tì í bọ ìbọn lẹ́nu. Tí àmì náà bá wọlé tán, inú ìbọn ṣófo. Tí ó bá dúró síta, nǹkan wà níbẹ̀, gbogbo ọmọdé á kúrò nítòsí. Lẹ́yìn èyí la máa da omi híhó àti eérú sí i, ewé kókò la fi ń ṣe àrọ. Omi àkọ́kọ́ á jáde bí aró. Èkejì á dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Tí ẹ̀kẹta bá ti mọ́, á fi àkísà wé orí ọ̀pá, á nu inú ẹ̀ gbẹ, á sì fi ìwọ̀nba àdín pa á, tín-ńtín, bí ìgbà tí èèyàn ń pa ojúgun. Àkísà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ àdìrẹ tó ti gbó. Ó ní kò sí aṣọ tó rọ irin lọ́rùn tó o.

Ìyá àgbà á pariwo láti ilé ìdáná. "Ẹ tún ti gé ìró mi!"

"Èyí tó ya ni."

"Ta ló ya á? Kò ya kí ẹ tó gé e!"

Èyí tó kẹ́yìn ni iṣẹ́ tèmi. Ihò kékeré kan wà nídìí irin náà, etí ìbọn ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlé lọ bá ẹ̀tù. Bàbá àgbà á na irin náà sí mi, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ sí etí ìbọn, á sì dijú. Èmi á gbé ẹnu mi sí ẹnu ìbọn, màá fẹ́ ẹ. Tí ọ̀nà bá mọ́, èémí mi á rìn nínú òkùnkùn irin yẹn, á jáde lọ́dọ̀ tiẹ̀ lọ́hùn-ún, á kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ó fẹ́ sí mi," á wí.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó lajú. Mo sì máa ń rò pé èmi ni mò ń mú kí atẹ́gùn ayé fẹ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló kù. Mo ti ń rí i pé kí Bàbá àgbà tó wọ igbó, á kọ́kọ́ da epo pupa sórí òkúta Ògún. "Ògún, mu epo," á ní, "má mu ẹ̀jẹ̀." Òkúta yẹn ń jẹun dáadáa, ara ẹ̀ ń dán. Ìbọn tó ń bá wọn rìn, tó ń ru gbogbo wàhálà, omi gbígbóná àti eérú ló ń rí, pẹ̀lú àdín tí kò tó fi pa ojúgun. Ó dùn mí. Mo kà á sí ìrẹ́jẹ. Àṣé ẹni tó gba ipò kẹtàlélógún náà máa ń ronú, kò kàn yẹ kí wọ́n gbà á láyè ni.

Bàbá àgbà lọ sí Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ kan, ó fẹ́ kí wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn tí kò bá sí nílé. Mo gun àpótí, mo gbé e kúrò lára ògiri. Mo mú ìgò epo Ìyá àgbà, mo yí i sí ẹnu ìbọn. "Mu epo," mo sọ fún un, "má mu ẹ̀jẹ̀." Ó mu ún. Gbogbo ìgò. Mo nu ẹnu ẹ̀, mo gbé e kọ́ padà, inú mi dùn bí ẹni tó bọ́ aláìsàn yó. Ìyá àgbà wá epo ẹ̀ tì, ó sì fi ẹ̀sùn kan ológbò.

Ọjọ́ kẹta ni Bàbá Ọdẹ́tọ́lá kú. Kò ṣàìsàn. Ó wá jókòó sórí àga gbọọrọ lọ́sàn-án, ó ń retí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó lọ sí ìlú, ó fẹ̀yìn ti igi, ó sì parí. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mò ń sọ ìtàn kan fún un, mo ti sọ ọ́ dé ìdajì kí Ìyá àgbà tó jáde síta, tó dúró, tó ní kí n dákẹ́. Mo ti rò pé etí tó dí ló kọ sí mi.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá àgbà. Ọ̀kadà ló gbé e dé, ojú ẹ̀ pọ́n. Bóyá oògùn ojú ni, bóyá kì í ṣe oògùn ojú. Kò jẹun, kò jókòó. Ó gbé ìbọn kúrò lára ògiri, kò yọ irin ẹ̀ kúrò lára igi, kò ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, kò ní kí Akọ̀wé wá fẹ́ ẹ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò pè mí láti fẹ́ ìbọn nìyẹn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo di ìró Ìyá àgbà mú dípò ẹ̀, a tẹ̀ lé e lọ.

Ẹ̀yìn ilé olóògbé ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí. Àwọn ọdẹ tò yí i ká, ìbọn ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku funfun ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò tó ti pẹ́ lórí ewé ń ya bọ́ sí wa lórí bí ìyẹ̀fun. Ó wá kan Bàbá àgbà. Ìbọn tiẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń dúró dè. Ó da ẹ̀tù sí i, ó gbé e sókè, ó fà á. Ká! Kò sí nǹkan. Ó tún un kẹ́, ó tún fà á. Ká! Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kùn lẹ́yìn mi pé, "Ìbọn kọ̀. Kí ló wà láàárín àwọn méjèèjì?" Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn lọ́dọ̀ ọdẹ. Tí ìbọn bá kọ̀ láti dágbére fún òkú, wọ́n lè ní ẹni tó ni ín mọ nǹkan nípa ikú ọ̀hún.

Bàbá àgbà sọ ìbọn kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo wa rí i. Epo tí oòrùn ti yọ́ ń jáde láti etí ìbọn. Ó pupa, ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba ara igi, ó ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Ó wò ó. Ó fi àtàǹpàkò nu ún, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè láàárín gbogbo àwọn àgbà yẹn, ojú ẹ̀ ń rìn lára èèyàn, títí ó fi rí mi níbi tí mo sá pamọ́ sí lẹ́yìn ìró Ìyá àgbà. Ó pẹ́ díẹ̀ lára mi.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó sọ fún wọn. "Ẹkún ló ń sun. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló kú."

Kò sí ẹni tó tún kùn. Ó gbé ìbọn náà sílẹ̀ létí sàréè, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ẹnu ara ẹ̀ dágbére fún ọ̀rẹ́ ẹ̀. Apá òsì ló kúnlẹ̀ sí.

Nígbà tá a délé, mo ti ń wo ọ̀nà tí màá gbà dé Ìjẹmọ̀ lẹ́sẹ̀. Ó pè mí. Omi ti ń hó lórí iná. Mò ń retí pàṣán, àkísà ló fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n di ìdí irin mú. Ó da omi sí i, epo jáde. Ó tún da omi, epo tún jáde, bí ẹni pé kò ní tán láé. Ọwọ́ mi gbóná, mi ò lè sọ pé ó gbóná.

"Akọ̀wé," ó ní nígbà tó yá, "òkúta Ògún ò ní ihò nínú. Tó o bá da epo sí i, ara ló fi ń gbà á. Èyí ní ọ̀fun. Ohun tó bá ní ọ̀fun, má dí i. Èémí ni kí o máa fún un."

Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ sí etí ìbọn, ó dijú. Mo fẹ́ ẹ. Ẹkún àti ikun imú jọ bá èémí wọlé ni.

"Ó fẹ́ sí mi," ó wí.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Ológbò ló ru ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ológbò náà ti kú, mi ò ráyè tọrọ àforíjì.

Ọdún náà pé, mo padà sí Ìjẹmọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìsinmi tí mi ò wá fọ ìbọn. Nígbà tí ojú Bàbá àgbà wá bàjẹ́ débi pé kò lè dọdẹ mọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ìbọn tí kò dún mọ́ gan-an ń fẹ́ èémí," ó ní. Mo ní kò séwu. Mo tilẹ̀ búra. Lẹ́yìn náà ni mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo ṣe ìdánwò yunifásítì, yunifásítì ò dá mi lóhùn, mo tún un ṣe, wọn ò tún dá mi lóhùn, mo wá gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé ní Òkè-Ìlewó. Látàárọ̀ dalẹ́ ni mò ń tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Mo wá rò pé ọwọ́ mi dí.

Á ní kí wọ́n bá òun pè mí lórí fóònù. "Akọ̀wé, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Sátidé tó ń bọ̀, Bàbá."

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Sátidé tó ń bọ̀ yẹn gbà. Ṣé mo lọ sókè òkun ni? Rárá. Láti Abẹ́òkúta sí Pápálántò ni, èèyàn ò ní sun oorun kan parí nínú mọ́tò. Kí ni mo wá ń ṣe ní gbogbo Sátidé wọ̀nyẹn? Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò. Àwọn tí mò ń tì lẹ́yìn ò tilẹ̀ borí. Ìgbà tó pè mí kẹ́yìn, kò bi mí léèrè ìgbà tí mò ń bọ̀ mọ́. Ó ní, "Má ṣèyọnu. Orí àjà ló wà, kò lọ síbì kankan." Òun náà ò tíì lọ síbì kankan nígbà yẹn.

Láàárọ̀ yìí ni Bàbá Olúọdẹ, tó jẹ́ olórí àwọn ọdẹ wa, gun orí àjà lọ gbé e wá. Ìpẹtà ti bo irin náà bí èélá. Ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ lẹ́nu, àmì tí Bàbá àgbà fi ọ̀bẹ kọ dúró síta, ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì kí ó wọlé. Gbogbo wa fà sẹ́yìn. Òun fúnra ẹ̀ ló da omi sí i, ó fi rẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ̀tù tó bá wà níbẹ̀ lè kú. Ó wá yí i dànù, ó wo ohun tó jáde, ó fi ìka fọ́ ọ.

"Ẹ̀tù kọ́," ó ní. "Amọ̀ ni. Agbọ́n ti kọ́lé síbẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Akọ̀wé, àṣé o gba ayálégbé."

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí ojú mi lè ṣe.

Òun ò rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní kẹ́ ìbọn tó dí," ó ní. "Ìbọn tó bá dí, ẹni tó yìn ín ló ń pa. Tí oòrùn bá ti dé orí ọ̀pẹ yẹn, a ti wà ní oríta. Tí ọ̀nà bá mọ́, ó mọ́. Tí kò bá mọ́, a ó sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé ọkọ ẹ̀ ṣì wà nígbó." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo gbé omi kaná. Ìyá àgbà wá dúró sí mi lórí nínú aṣọ dúdú ẹ̀.

"Lónìí," ó ní, "jọ̀ọ́, má fi epo mi sí i."

Mo wò ó. Ọdún mẹ́wàá! Ó ti mọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, ó sì jẹ́ kí ológbò kú sínú ẹ̀sùn.

Ìkòkò omi márùn-ún ni mo dà sí irin yẹn. Àkọ́kọ́ jáde bí ẹrẹ̀ odò, ìkejì pọ́n bí omi osùn. Mo fi ọ̀pá gún un, mo fi ẹ̀gún òòrẹ̀ tí Bàbá àgbà máa ń kì bọ orùlé tú etí ẹ̀. Àkísà tán. Ìyá àgbà wọlé, ó gbé ìró àdìrẹ kan jáde, èyí tó ká sí ìsàlẹ̀ àpótí, tó ṣì ń rùn bí aró.

"Ìyá àgbà, èyí ò ya," mo ní.

"Mo mọ̀," ó ní. Ó sì fà á ya.

Mo nu ún. Mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, etí mi ń hó, kò sí nǹkan tó kọjá. Mo tún da omi, mo tún gún un, mo tún fẹ́ ẹ. Ó ṣì dí. Mo wo ọ̀pẹ, oòrùn ti ń sún mọ́ ọn. Mo wá ń rò ó pé ọkùnrin yìí bò mí láṣìírí níwájú gbogbo ọdẹ, òun tó jẹ́ pé ìtìjú tèmi ló gbé lé orí ara ẹ̀, mi ò sì lè fún un ní èémí kan ṣoṣo lọ́jọ́ tó fẹ́ sinmi. Mi ò ní àwàdà kankan tí mo lè fi ti ìyẹn lẹ́yìn.

Ìyá àgbà fa àpótí, ó jókòó nídìí irin lọ́hùn-ún, ó tú gèlè dúdú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ sí etí ìbọn. Mi ò sọ fún un pé kí ó ṣe é. Ó dijú.

Mo fi ẹ̀gún òòrẹ̀ tú ihò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Amọ̀ kékeré kan, kò tó hóró àgbàdo, já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo lọ sí ẹnu ìbọn. Mo fẹ́ ẹ.

Ìyá àgbà ò mira. Mo gbé orí sókè. "Ìyá àgbà, ṣé ó fẹ́?"

"Dákẹ́," ó ní. "Tún fẹ́ ẹ."

Mo tún fẹ́ ẹ. Irun funfun tó wà létí ẹ̀ mì. Mo rí i.

"Ó fẹ́ sí mi," ó wí. Ó pẹ́ gan-an kó tó lajú, mi ò sì kán an lójú.

Igbó tí Bàbá àgbà mú mi wọ̀ ti di òkúta fífọ́ àti ilé oníbúlọ́ọ̀kù. Àwọn ọdẹ tó kù, ọjà ni wọ́n ń ṣọ́, wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú àwọn olè. Ìwọ àbúrò mi tó ò ń ka èyí, bóyá o ò ní gbóòórùn àdín lára irin láyé ẹ, mi ò sì ní parọ́ pé ohun tó ń bọ̀ wá bá ẹ kéré sí tèmi. Àga gbọọrọ ti jẹrà. Igi àgbálùmọ̀ ṣì wà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju ọ̀kan lù mí lórí. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo jókòó síbí pé gbogbo ohun tí bàbá yẹn fi lé mi lọ́wọ́ ò ju kí n máa wá lọ, kí n wá fẹ́ ẹ, kí ẹnìkan wà lódìkejì tó máa sọ pé ó dé ọ̀dọ̀ òun. Kò sọ pé kí n gba ipò kìíní. Kò sọ pé kí...

Ìbọn ti ń dún ní oríta. Ọ̀kan. Òmíràn tún dún. Irin ti gbẹ, mo ti fi àdín pa á, ìba díẹ̀, bí ẹni ń pa ojúgun. Ìyá àgbà ti dìde, ó ń gbọn eérú kúrò lára aṣọ dúdú ẹ̀.

"Akọ̀wé!" Bàbá Olúọdẹ nìyẹn, láti ojú ọ̀nà. "Ṣé bírò lo fẹ́ yìn fún bàbá ẹ ni? Gbé irin yẹn wá, ó ti kàn án!"

Mò ń bọ̀, Bàbá. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i.